Láptọ́ọ̀pù Tuntun Tí Kò Tẹ́ Wa Lọ́rùn: Ká Dá A Padà Ni, Àbí Ká Mú Un Mọ́ra?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkómọ. Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, torí ó kù díẹ̀ kó da ilé rú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé láti Èkó, Bàbá wa ti dìde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Àkùkọ ti wà lábẹ́ agbọ̀n, epo pupa wà nínú ìgò, èsun iṣu àti obì wà nílẹ̀. Bàbá ní irin ni ẹ̀rọ yìí, irin tuntun kò sì gbọdọ̀ wọ ilé wa kó má kí Ògún. Wọ́n ti ń na ọwọ́ sí ìgò epo nígbà tí àbúrò mi tó lọ rà á sáré jáde láti inú yàrá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ta epo sí i! Ó ṣeé ṣe ká dá a padà o!"

Bàbá wò ó títí. "Ẹ fẹ́ dá kí ni padà? Àná ló dé."

"A lò ó lóru àná, Bàbá. Kò rí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó mú wa rà á

Gbogbo wa la mọ̀ pé Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú wọn kò sí nínú ìwé kankan. Bí wọ́n ṣe ń ki Ifá nílé yìí, bí wọ́n ṣe ń fa ohùn rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń dúró mí, ibi tí ọmọ awo ti ń dáhùn, etí la fi ń kọ́ ọ. Àwa tó yẹ ká kọ́ ọ sì ti fọ́n káàkiri. Ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òmíràn wà l'Ékòó, àwọn tó wà nílé pàápàá ń sáré oúnjẹ òòjọ́.

Lóòótọ́, UNESCO ti kéde Ifá ní ọdún 2005 pé ó wà lára ogún àtẹnudẹ́nu tó ṣọ̀wọ́n jù lọ láyé. Ní 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn fún gbogbo ayé. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìwé UNESCO kò lè ki Ifá fún ọmọ wa. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kì ni yóò kì í, ìgbà tó ṣì wà láàyè ni yóò sì kì í.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ ní 1951. Bàbá kan tí ń jẹ́ Salakọ, olórìṣà tó mọ ẹẹ́rìndínlógún dáadáa, jókòó síwájú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó sì ń ka ohun tó mọ̀ sínú rẹ̀ fún William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà. Ìwé tí Bascom kọ láti inú ohùn náà kò jáde títí di ọdún 1980. Ọdún 29 ni ohùn Salakọ fi dúró de ìwé. Ká ní wọn ò gbà á sílẹ̀ ní 1951 ni, kí ni wọn ì bá rí kọ?

Ìdí nìyẹn tí a fi dá owó jọ ní ìpàdé ẹbí tó kọjá. Àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù fi ránṣẹ́, àwọn ti Èkó dá tiwọn, Màmá yọ nínú owó gàrí. Owó tí a kó jọ tó ra ọ̀kadà tuntun, kó sì ṣẹ́ kù. Àbúrò mi ní ká má ra pọ́ọ́kú, ká ra èyí tó lágbára tí yóò pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ó ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. A gbà fún un.

Ohun tó ń ṣe é

Ẹ̀rọ náà rẹwà o, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ó fẹ́lẹ́ bí ọpọ́n kékeré, ó ń dán. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, nǹkan mẹ́rin ló bà wá nínú jẹ́.

Wọ́n ní bátìrì rẹ̀ yóò lo wákàtí 10. Kò lo 3 tó fi kú. Ó gbóná débi pé a ò lè gbé e lé itan. Fáànù inú rẹ̀ ń pariwo. Nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, tí a gbé e sí àgbàlá níbi tí Bàbá ti máa ń jókòó, ojú rẹ̀ di dígí: ojú ara wa la ń rí níbẹ̀ dípò fídíò.

Ká tó jẹun tán ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ilé ti pín sí mẹ́ta. Àbúrò mi ní ká gbé e padà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ lórí fóònù pé kò yẹ kó la ariyanjiyan lọ rárá, pé níbi táwọn wà, ẹni tó bá ra ọjà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà láìsọ ìdí, tó bá sì jẹ́ pé ọjà náà lábùkù, ó ní ọjọ́ 30 láti kọ̀ ọ́ kó gba gbogbo owó rẹ̀. Màmá ní tiwọn ní owó tó bá ti jáde ti jáde nìyẹn, pé ọlọ́jà Èkó wo ló ń dá owó padà? Wọ́n ní ká mú un mọ́ra, ká dúpẹ́ pé kò tiẹ̀ jẹ́ pákó ni wọ́n dì sínú páálí fún wa.

Àbúrò mi bá kọjú sí Bàbá. "Bàbá, ẹ kúkú bá wa bi Ifá."

Ìdáhùn Bàbá yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ohun tí ojú mi lè rí, tí etí mi lè gbọ́, n kì í fi yọ Ọ̀rúnmìlà lẹ́nu. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ná. Ibi tí ojú yín bá dé tí kò ríran mọ́, ẹ wá pè mí." Wọ́n wá bi wá ní ìbéèrè mẹ́ta. Mo kọ wọ́n sílẹ̀ níbí nítorí ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, ìbáà jẹ́ láptọ́ọ̀pù, ìbáà jẹ́ fíríìjì, ìbáà jẹ́ jẹnẹrétọ̀.

Ìbéèrè kìíní: Ṣé àrùn ni, àbí àárẹ̀ ọ̀nà?

Bàbá ní ẹran tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já lọ́kọ̀ lè má jẹun lọ́jọ́ yẹn, kí ẹni tó rà á rò pé àìsàn ló ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹ̀rọ mu ju bí mo ṣe rò lọ. Láptọ́ọ̀pù tuntun máa ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ láìsọ fún olówó rẹ̀. Á máa fa àtúnṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, á máa to àwọn fáìlì inú ara rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ yìí a máa mú un gbóná, a sì máa jẹ bátìrì.

A bá fún un ní ọjọ́ mẹ́rin. A jẹ́ kó fa gbogbo àtúnṣe rẹ̀ tán, a pa á, a tún un tàn. Lẹ́yìn náà ni a yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ:

Àkọ́kọ́, bóyá tuntun ni lóòótọ́, kì í ṣe tòkúnbọ̀ tí wọ́n nù dán. Nọ́ńbà kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ, ó sì gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí mu. A tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì iléeṣẹ́ tó ṣe é láti mọ ọjọ́ tí wáráńtì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ ti mọ ohun tí ẹ rà nìyẹn. Tiwa jẹ́ tuntun.

Èkejì, bátìrì. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo Windows, ẹ lè tẹ powercfg /batteryreport sí ojú dúdú tí wọ́n ń pè ní Command Prompt. Ìwé kan yóò jáde tó ń sọ iye agbára tí wọ́n ṣe bátìrì náà láti gbà àti iye tó ń gbà báyìí. Nínú ẹ̀rọ tuntun, méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tiwa dọ́gba. Bátìrì kò ṣàìsàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin náà, ó ń lo wákàtí 5. Wákàtí 10 tí wọ́n polówó, ó ní láti jẹ́ pé ẹni tó dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, tí kò ṣe ju kó máa kàwé lọ, ló lè rí i.

Ẹ̀kẹta, ooru. Ó dín kù gan-an.

Ẹ ò rí i pé bí a bá ti gbé e padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, tí a ń pariwo pé bátìrì ti kú, ọ̀rọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni à bá sọ mọ́ ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n méjì kò lọ. Ojú rẹ̀ ṣì ń dán bíi dígí nínú àgbàlá. Fáànù náà sì wà níbẹ̀. Bí a bá ti ń gba fídíò sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó ti ń fẹ́ nìyẹn. A gba ohùn Bàbá wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí a tún un gbọ́, lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn la ń gbọ́ ìró kan bí ẹni ń fín iná. Ibi tí Bàbá bá ti rẹ ohùn sílẹ̀, a kì í gbọ́ ọ mọ́. Bẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń rẹ ohùn sílẹ̀ gan-an la tìtorí rẹ̀ ra ẹ̀rọ.

Èyí kì í ṣe àrùn. Ìwà rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tó bá fẹ́lẹ́ tó sì lágbára, ooru inú rẹ̀ kò rí àyè jáde, fáànù ló gbọ́dọ̀ lé e. Nítorí náà, ìbéèrè kìíní nìkan kò lè dá ẹjọ́ yìí.

Ìbéèrè kejì: Kí lẹ sọ fún un, kí ló sì sọ fún yín?

Àgbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bàbá ní kí àbúrò mi ka gbogbo ohun tí òun àti ọlọ́jà jọ sọ. Orí WhatsApp ni wọ́n ti sọ ọ́, kò sì tíì pa á rẹ́. Ó wà níbẹ̀ kedere. Àbúrò mi kọ ọ́ pé, bàbá àgbà kan la fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, àgbàlá la ó ti máa ṣe é, iná kì í sábà sí. Ọlọ́jà náà dáhùn pé kò séwu, pé èyí tó lágbára jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù òun yóò ṣe é.

Níbí ni òfin ti wọlé. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà tó ń dáàbò bo oníbàárà, wọ́n ń pè é ní FCCPA ti ọdún 2018. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i. Ìpín 122 inú rẹ̀ sọ pé, yàtọ̀ sí ọjà tó lábùkù, oníbàárà lè dá ọjà padà kó sì gba owó rẹ̀ pé pérépéré bí ó bá ti sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe fún ọlọ́jà, tí ọjà náà kò sì bá ohun náà mu. Bákan náà ni fún ọjà tí ènìyàn kò rí yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e wá, tí kò rí bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀. Òfin náà kò ka iye ọjọ́, ó ní kó jẹ́ láàárín àkókò tó bójú mu. Ó tún ní kí ọlọ́jà fún oníbàárà ní rìsíìtì, kó sì sọ ọ́ bí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù pé "ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà" kò lágbára ju òfin lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe àkíyèsí o: òfin yìí kò sọ pé ẹni tí ọjà kàn sú lè dá a padà. Bí ẹ bá ra láptọ́ọ̀pù láìsọ nǹkan kan, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ ni ẹ ò fẹ́ mọ́, ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó yín lábẹ́ ìpín yìí. Ọjọ́ 14 ti ẹ̀gbọ́n wa, òfin Bìrìtìkó ni, kò dé ìhín.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé: kí ẹ tó san owó, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ọjà ṣe, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ẹyẹ ni, tó bá fò lọ, ta ni yóò mú un?

Ìbéèrè kẹta: Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ tà á, ṣé ẹ ó gbà á?

Ìbéèrè yìí ló le jù. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ ilé wa kan tí kò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ gbé ife irin lé ẹ̀rọ náà lórí, ó sì fà á. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára ìdérí rẹ̀. Bí ènìyàn kò bá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, kò lè rí i.

Ẹnì kan nínú wa, n kò ní í dárúkọ, ní ká fi òróró díẹ̀ pa á, pé ọlọ́jà ò ní rí i. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ohùn Ifá lẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ yìí gbà. Ẹ wá fẹ́ fi irọ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ní kóòtù ìbílẹ̀, irin ni wọ́n ń gbé fún àwa kí a fi búra. Irin kan náà lẹ fẹ́ gbé irọ́ lé lórí yìí. Ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀, òkúta ni yóò gbà lówó. Ẹ fi ilà náà hàn án kó tó bi yín."

Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀.

Bí a ṣe gbé e lọ

A kò kàn gbé e sínú àpò. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ká wa lára. Ohùn Bàbá tí a gbà wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá wà níbẹ̀, apá kan nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe fún etí ọ̀gbẹ̀rì. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá gbà padà, wọ́n á tún un tà ni. A da gbogbo fáìlì wa sórí háàdì díráìfù, a yọ orúkọ àti páàsíwọ̀ọ̀dù wa kúrò, a sì dá ẹ̀rọ náà padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde ní iléeṣẹ́, a yan pé kó nu gbogbo rẹ̀ tán. Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ tàbí fóònù fún ẹnikẹ́ni, yálà láti dá a padà, láti tà á tàbí láti tún un ṣe, ẹ rántí èyí. Awo kì í jáde lẹ́nu nìkan mọ́, ó ń jáde láti inú ẹ̀rọ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn náà a to páálí, ṣájà, ọ̀rá àti rìsíìtì rẹ̀ jọ. Èmi àti àbúrò mi la jọ lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fi han ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ni ilà náà. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ń yí. Ó tọ́ka sí ìwé ara ògiri, a ka ọ̀rọ̀ WhatsApp fún un, a sì gbé ohùn tí a gbà sí i létí. A kò pariwo. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, wọ́n fà á síhìn-ín, fà á sọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ yẹn wọn ò fún wa lésì. Lẹ́yìn ìpè bíi mélòó kan, wọ́n ní ká wá.

Wọ́n yọ owó díẹ̀ nítorí ilà náà, a gbà á bẹ́ẹ̀, torí àwa la jẹ̀bi rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún òmíràn tó nípọn jù ú lọ, tí kò dán, tí owó rẹ̀ sì kéré. Ojú rẹ̀ kì í ṣe dígí. Lára owó tó ṣẹ́ kù la fi ra máìkì tí a lè gbé síwájú Bàbá, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí a bá ti ra máìkì láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá à bá má lọ Èkó lẹ́ẹ̀mejì. Owó ńlá tí a kó lé ẹ̀rọ, etí ni kò ní. Máìkì ni etí rẹ̀.

Ohun tí ìdádúró náà gbà lọ́wọ́ wa

Mi ò ní í parí ọ̀rọ̀ yìí láìsọ èyí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìgbà tí a ń fà á pẹ̀lú ọlọ́jà. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, ikọ́ mú Bàbá. Ní alẹ́ kan, mo jókòó tì wọ́n, mo ń gbọ́ bí èémí wọn ṣe ń fà, ọkàn mi ò sí lórí láptọ́ọ̀pù kankan mọ́. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé a ti lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láti ṣe ìdájọ́ irin, a ò gba ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ lẹ́nu ẹni tí a tìtorí rẹ̀ rà á.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ara wọn sì fúyẹ́ díẹ̀, mo gbé fóònù mi sórí àpótí, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí èyí tó bá wù yín." Wọ́n kì í. Ohùn náà há díẹ̀, àkùkọ tí wọn ò tíì pa ń kọ lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n ó wà lọ́wọ́ wa. Fóònù àtijọ́ ló kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tí a ra ẹ̀rọ olówó gọbọi fún.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní àgbà nílé, kó má ṣe dúró de ẹ̀rọ. Ẹ fi ohun tó wà lọ́wọ́ yín bẹ̀rẹ̀ lónìí. Bí èyí tó dára bá dé lọ́la, ẹ fi kún un.

Ara Bàbá ti yá báyìí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Òrìṣà. Nígbà tí a ti lo ẹ̀rọ kejì fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sí ẹ̀sùn, a lọ sọ fún wọn pé kò ní í padà mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé àkùkọ lọ sí ojúbọ Ògún, wọ́n ní ká gbé ẹ̀rọ náà sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Epo kò kan bọ́tìnnì rẹ̀ kankan. Bàbá ní Ògún kì í ṣe òmùgọ̀, ó mọ èyí tí a ń fi epo sí lára àti èyí tí a kì í fi sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a jẹ ìkọ́kọrẹ́, a sì gbé máìkì síwájú Bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókèèrè, ẹ bi àbúrò mi, yóò fi èyí tó ṣeé gbọ́ ránṣẹ́ sí yín. Èyí tí kò ṣeé gbọ́ ńkọ́? Ẹ wá sílé wá gbọ́ ọ.

Kí ọjà wa má bọ́ sọ́wọ́ ẹlẹ́tàn. Kí àwa náà má di ẹlẹ́tàn nínú ọjà. Kí àgbà wa pẹ́ fún wa, kí ohùn wọn má parun.

Àṣẹ.